Kí o tó san owó fọ́ọ̀mù másításì yẹn

Àbúrò mi, o ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, pé sosiọ́lọ́jì lo kà jáde, pé ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Abẹ́òkúta níbí ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn, ṣùgbọ́n o ò mọ èyí tí o máa mú nínú criminology (ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn), sáíkọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa èrò àti ìhùwàsí èèyàn) àti ìtọ́jú ọkàn. Mo ti gba ọ̀nà yẹn rí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣìnà lórí rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ó ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀.

Criminology ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ẹ̀kọ́ gidi ni, mi ò kábàámọ̀ ohun tí mo kọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kà nípa Cesare Lombroso, tó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1876 pé àwọn kan wà tí wọ́n bí ìwà ọ̀daràn mọ́, pé èèyàn lè fi agbárí àti ojú wọn dá wọn mọ̀, àti bí àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ṣe já irọ́ náà. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí i pé ó ju ìdajì àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà lọ tí ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi rárá. Tó bá jẹ́ òfin àti ìlànà lo fẹ́ tún ṣe, criminology ni kí o lọ, sosiọ́lọ́jì rẹ á sì wúlò fún ọ níbẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n èmi, èèyàn ni mo fẹ́ jókòó tì. Mo kó satifíkéètì mi dání, mo lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kan pé mo fẹ́ máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọ̀gá wọ́dà yẹ ìwé náà wò, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó fẹ́ pokùn so dúró? Tí ọ̀rọ̀ bá sì kọjá agbára rẹ, ta lo máa pè?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo sunkún títí kẹ̀kẹ́ fi gbé mi dé Pánṣẹ́kẹ́.

Ìbéèrè ìyá yẹn ni mo fẹ́ kí o mú lọ sí ilé-ìwé èyíkéyìí tí o bá fẹ́ wọ̀: ta ló máa jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń tọ́jú ẹni àkọ́kọ́?

Nígbà tí mo wá fẹ́ ṣe clinical psychology, ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì tó wà fún ìtọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn, wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe PGD, ìyẹn díplómà tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, nítorí pé sáíkọ́lọ́jì kọ́ ni mo kà jáde. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ìwọ náà. Transcript mi nìkan, ìyẹn àkọsílẹ̀ máàkì mi, oṣù méje ni ilé-ìwé tí mo ti kọ́kọ́ jáde fi dá a dúró, mo sì pàdánù ìgbaniwọlé ọdún kan nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá di rélùwéè láti Abẹ́òkúta sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn, kí n tó wọ mọ́tò lọ sí kíláàsì.

Ìkọ́ṣẹ́ ọsibítù ló sọ mí di ohun tí mo jẹ́ lónìí. Ìwọ tí o ń gbé Abẹ́òkúta, má fojú kéré Àrò, ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ tó wà nítòsí rẹ. Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ ìlú yìí, ló bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ ní 1954: àwọn aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n sì ń padà sílé. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí aláìsàn fi ń sọ àìsàn rẹ̀ ṣe pàtàkì.

Èmi ò tètè mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n yẹ ọkùnrin kan wò, tó wá láti ọgbà ẹ̀wọ̀n (mo ti yí díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀). Mo gbé ìwé ìbéèrè Aaron Beck kalẹ̀, èyí tí dókítà ará Amẹ́ríkà yẹn gbé jáde ní 1961 láti fi mọ bí ìsoríkọ́ èèyàn ṣe pọ̀ tó, ìbéèrè 21. Mo túmọ̀ ti àkọ́kọ́: ṣé inú rẹ máa ń bàjẹ́? Ó ní rárá. Mo ń bá a lọ, ó ń sọ pé rárá. Díẹ̀ ló kù kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ló bá fi ìka kan àtàrí rẹ̀. "Ọdẹ orí ló wà níbí. Ó ń rìn kiri, ó ń dún, kì í jẹ́ kí n sùn."

Ọ̀gá mi tó jókòó lẹ́yìn rọra bi í pé, "Ìgbà wo ni ọdẹ náà wọlé?"

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sọ fún òun pé ìyá òun ti kú, tí òun ò sì lè lọ sin ín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Kò sí kíláàsì tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè yẹn. Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi máa ń gbọgbẹ́ tí mo bá rí àwọn tó ń ta ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú ọkàn ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó fi ìwé kíkà nìkan di aláàdìrẹ ní Ìtòkú. Ẹnì kan ní láti dúró tì ọ́ nídìí ìkòkò aró.

Nítorí náà, PGD sáíkọ́lọ́jì ni mo máa mú tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, kí n fi clinical tẹ̀lé e. Bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ transcript rẹ lọ́sẹ̀ yìí, má dúró de fọ́ọ̀mù. Kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà, béèrè iye wákàtí tí wọ́n fi ń ṣe ìkọ́ṣẹ́ àti ọsibítù tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Tí o bá ti kọ ọ́, gbé e síbí kí o tó fi ránṣẹ́, màá bá ọ kà á.