Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ilé ọnà ní London àti Paris

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Kútọ̀, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ ní ẹ ń lọ kí ọmọ yín ní London, ẹ ó sì yà sí Paris, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ilé ọnà ìgbàlódé sílẹ̀ láti Abẹ́òkúta níbí. Èmi ò bẹ̀rù tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni mo bẹ̀rù.

Ilé ọnà kan wà ní Paris tí mi ò ní dárúkọ. Mo ti sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ aago méjì ọ̀sán sórí tíkẹ́ẹ̀tì mi. Kí aago kan tó lù ni mo ti débẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ tò sórí ìlà àyẹ̀wò. Ìlà ò sún, òjò winniwinni ń pa wá. Nígbà tó kàn mí, sìkọ́ríìtì ṣí báàgì mi, ó rí àdìrẹ tí mo ń gbé lọ fún oníbàárà mi láti Ìtòkú, ló bá ń tú u síta lọ́kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo èrò. Aṣọ tí a ti lù tó ń dán! Ó tú u tán, ó ní báàgì náà tóbi jù, kò gbọdọ̀ wọlé. Níbo ni kí n wá gbé e sí? Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà kejì. Mo débẹ̀, obìnrin ibẹ̀ ní àwọn kì í gba ẹrù tó tó bẹ́ẹ̀, kí n padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán mi. Mo padà, onítọ̀hún ní kí n tún lọ tò láti ẹ̀yìn. Ìlà yẹn náà! Nígbà tí mo fi rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gbowó bá èèyàn tọ́jú ẹrù, tí mo fi dé padà, wọ́n wo fóònù mi, wọ́n ní àsìkò mi ti kọjá. Owó mi ńkọ́? Ọ̀gá náà sọ èjìká, ó kọjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Wọ́n á wọ kóòtù dúdú, wọ́n á máa rìn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kun àwòrán tó wà lára ògiri.

Báàgì kékeré ni kí ẹ gbé, ẹ fi ìyókù sí òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ wo ọjọ́ dáadáa pẹ̀lú. Musée d'Art Moderne ti ìlú Paris kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn iṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Centre Pompidou, ilé ọnà ìgbàlódé Paris tí gbogbo èèyàn máa dárúkọ fún yín, wọ́n ti tì í láti 2025 fún àtúnṣe, ó di 2030. Kí ẹnikẹ́ni má gbowó lọ́wọ́ yín pé òun á mú yín wọbẹ̀. Físà Ìlú Ọba ò sì gbé èèyàn dé Paris o, ti Schengen, tí ilẹ̀ Faransé àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, lọ́tọ̀ ni. Àwọn aṣojú físà kan á ní ọ̀kan náà ni. Irọ́ ni.

Tate Modern ní London, ọ̀fẹ́ ni, àfi àwọn àfihàn pàtàkì. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i ní 2000. Nínú gbọ̀ngàn ńlá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ El Anatsui kọ́ sí ní 2023 sí 2024, ọmọ Ghana tó pẹ́ ní Nsukka. Ìdérí ìgò ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó lókèèrè á ní aṣọ ni. Àwa aláṣọ, ọwọ́ wa kì í gbọ́, a fẹ́ fọwọ́ kàn án wò. Ẹ má dán an wò, wọ́n á pariwo mọ́ yín.

Ẹ̀n-ẹ́n, tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ béèrè. Èyí tó bá gba owó, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi káàdì rẹ̀ san án lọ́hùn-ún, káàdì náírà wa lè kọ̀. Kó mú àsìkò tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ẹ lè bá.

Bí físà bá pẹ́, ẹ lọ wo ilé ọnà Yemisi Shyllon, ọmọ Ẹ̀gbá wa, ní Yunifásítì Pan-Atlantic ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì. 2019 ni wọ́n ṣí i. Ìdájí ni kí ẹ ti kúrò nílé o, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kì.