Ojú wíwú, orí fífọ́ àti BP 148/96 nínú oyún oṣù méje

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ohun tí ẹ kọ láti Mọpà ní ìpínlẹ̀ Kogi nìyí: ìyàwó àbúrò yín wà ní ọ̀sẹ̀ 31. Ojú rẹ̀ ń wú bó bá jí, òrùka kò bọ́ sí i lọ́wọ́ mọ́, orí ti ń fọ́ ọ láti àná. Kẹ́míìsì wọn BP rẹ̀, ó bá 148/96, ó ní kó lo parasitamọ́ kó sì padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ìyá nílé ní oyún ọkùnrin ló ń wú u. Ẹ wá ń béèrè bóyá aspirin àti calcium tí ẹ kà nípa wọn lè ràn án lọ́wọ́.

Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tí dọ́kítà wà lónìí. Ẹ ka ìyókù nínú mọ́tò.

Tí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, tí BP bá dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tí wọ́n sì tún bá a bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 4, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àárẹ̀. Bí pírótíìnì bá tún wà nínú ìtọ̀, tàbí tí orí fífọ́ kò gbọ́ parasitamọ́, pre-eclampsia (àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún) nìyẹn. Tó bá jẹ́ 160/110, a kì í dúró de wákàtí 4. Láàárín ìṣẹ́jú 15 la ó tún un wọ̀n, oògùn sì gbọ́dọ̀ wọlé kí wákàtí kan tó pé, torí irú BP bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ iṣan ọpọlọ. Àwọn àmì mìíràn tí kì í jẹ́ kí n dúró: kí ojú máa ṣe bàìbàì tàbí kó máa rí iná tó ń tàn yẹ̀rì, kí abẹ́ ìhà ọ̀tún máa ro ó (ẹ̀dọ̀ ló ń wú níbẹ̀, àwọn ènìyàn a máa pè é ní ọgbẹ́ inú), kí èémí máa há, kí ìtọ̀ dín kù. Bí ikùn bá le gbagidi tí ẹ̀jẹ̀ sì ń wá, ibi ọmọ ti ń ṣí kúrò láyè rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó sábà máa ń dá wọn dúró nílé ni ibà. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò, ibà á sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbogbo ilé á wá gbà pé òun ló ń fọ́ ọ lórí. Ibà lè wà kí pre-eclampsia náà wà. Ẹ tọ́jú ibà, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ pa BP tì.

Ibi ọmọ ni gbòǹgbò àrùn yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún ló yẹ kí ibi ọmọ wọ inú ògiri ilé ọmọ, kó sì sọ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ibẹ̀ di gbòòrò, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí iṣẹ́ yẹn kò bá parí, ọmọ kò ní rí oúnjẹ tó, ibi ọmọ á sì máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá tó ń ba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ káàkiri ara. Kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í jo pírótíìnì, omi á máa jáde lọ wú ojú àti ọwọ́. Nítorí náà, àròjù kọ́ ló fà á, ìjà ìyàwó ilé kọ́, iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọmọbìnrin yẹn. Kò sì sí oògùn tó ń wò ó tán títí ọmọ àti ibi yóò fi jáde. Gbogbo ohun tí à ń ṣe, à ń fi ra àkókò fún ọmọ láì fi ẹ̀mí ìyá tà á ni.

Àwọn olùwádìí ti ń wọn àwọn èròjà kan tí ibi ọmọ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ ẹni tí àrùn ń bọ̀ wá bá. Ó dára. Àmọ́ níhìn-ín ní Yàgbà, ẹ̀rọ BP àti bébà ìtọ̀ ló wà lọ́wọ́ wa, tí a bá sì lò wọ́n dáadáa, wọ́n tó láti gba ẹ̀mí là. Bí a ṣe ń lò wọ́n gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ wò.

Kó kọ́kọ́ lọ tọ̀. Kó jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ láì kọ́ ara wọn, kí apá wà lórí tábìlì níwọ̀n ibi tí ọkàn wà. Kó má sọ̀rọ̀. Tí aṣọ ẹ̀rọ bá kéré fún apá tó sanra, BP á ga ju bó ṣe rí lọ. Tó bá tóbi jù fún apá tó tín-ín-rín, á fà á sílẹ̀, èyí ni mo sì ń bẹ̀rù jù, torí wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alábátìrì náà máa ń ka BP kéré nínú àrùn yìí gan-an, àyàfi èyí tí wọ́n ti dán wò lára aboyún. Bí ẹ̀rọ bá ní 138/88 tí ojú sì wú tí orí ń fọ́, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ tẹ̀ tún un wọ̀n, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

Ní ti ìtọ̀, kó fọ ojú ara, kó jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ lọ, kó gba ti àárín. Omi ojú ara àti ẹ̀jẹ̀ a máa tan bébà jẹ. Ti bébà bọ inú rẹ̀, yọ ọ́ kíá, nu etí rẹ̀ sára ife, ka ìṣẹ́jú àáyá 60, kí o tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ tó wà lára ìgò. Ojú ibi pírótíìnì á jẹ́ àwọ̀ ìyeyè kí ìtọ̀ tó kàn án. Bó bá ń yí sí àwọ̀ ewé, pírótíìnì wà. Bí ewé yẹn bá ṣe ń ṣú sí i ni pírótíìnì ń pọ̀ sí i. Ìgò tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì látàárọ̀ ti bàjẹ́, ọ̀rinrin ló ń pa á. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó mú èyí tó wà nínú ìgò tí ìdérí rẹ̀ le.

Ẹ bi mí nípa aspirin. Òótọ́ ni, àmọ́ àkókò rẹ̀ ti kọjá fún oyún yìí. Ìwádìí ASPRE tó jáde ní 2017 fún àwọn obìnrin tí àrùn lè tètè kọlù ní mílígíráàmù 150 lálaalẹ́, láti ọ̀sẹ̀ 11 sí 14 títí dé ọ̀sẹ̀ 36. Nínú àwọn tó mu oògùn lásán tí kò ní aspirin nínú, 4.3% ló ní àrùn yìí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37; nínú àwọn tó mu aspirin, 1.6% ni. Ìgbà tí ibi ọmọ ń ta gbòǹgbò ni aspirin ní iṣẹ́ ṣe. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 31 kò lè tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe. Ẹ má sì lo àtíkè orí fífọ́ tí wọ́n ń tà nínú mọ́tò dípò rẹ̀, aspirin inú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí à ń wí lọ fíìfíì. Calcium náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni. Ìwádìí méjì ní Íńdíà àti Tanzania, tó jáde ní 2024, fi hàn pé mílígíráàmù 500 lóòjọ́ kò rẹ̀yìn sí 1500 nínú dídènà pre-eclampsia, èyí tó jẹ́ ìtura fún àpò wa. Kó má ṣe mu ún pọ̀ mọ́ oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ (iron) lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í jẹ́ kí ara gba ara wọn.

Oògùn BP tí wọ́n lè fún un ni methyldopa, nifedipine tàbí labetalol. Ẹ má fún un ní lisinopril tàbí losartan tí màmá ń lò, wọ́n ń ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Diclofenac àti ibuprofen náà, ẹ jìnnà sí wọn. Ẹ má sì fún un ní oògùn tó ń mú ni tọ̀ nítorí ojú wíwú. Omi ti kúrò nínú iṣan rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ó tún dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ kù ni.

Nísinsìnyí, ọ̀nà. Láti Mọpà, bóyá ẹ yà sí Ẹ̀gbẹ̀ ni o, bóyá ẹ gba Kàbbà kọjá sí Lọ́kọ́jà, ẹ ó wà lórí títì fún ìgbà pípẹ́, tírélà sìmẹ́ńtì sì lè dí ọ̀nà Ọbájànà mọ́ yín. Bí àrùn bá ti le, tí BP ti dé 160/110 tàbí tí orí àti ojú ti ń dà á láàmú, kò gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò láti ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíràn láì gba magnesium sulphate. Oògùn yìí ni kì í jẹ́ kí gìrì gbé e. Ìwádìí Magpie ní 2002, tó kó obìnrin tó lé ní 10,000 jọ ní orílẹ̀-èdè 33, fi hàn pé ó dín gìrì kù ju ìdajì lọ. Láti 1995 ni wọ́n sì ti fi hàn pé ó dára ju diazepam lọ fún gìrì aboyún.

Fún ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń ka èyí: magnesium sulphate gíráàmù 4 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ (IV), ìyẹn mílílítà 8 ti 50% pẹ̀lú omi abẹ́rẹ́ mílílítà 12, kó di 20, ẹ tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, ó kéré tán ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà gíráàmù 5 sí ìdí kọ̀ọ̀kan, kó jinlẹ̀, pẹ̀lú lignocaine 2% mílílítà 1. Gíráàmù 14 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ka ìgò dípò gíráàmù ló máa ń ṣìṣe, torí ìgò kan ń gba mílílítà 2, òmíràn ń gba 10. Bí iṣan kò bá ṣeé rí, ẹ gún ti ìdí méjèèjì kí ẹ sì gbé e lọ. Gíráàmù 5 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ló tẹ̀ lé e, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi hámà lu abẹ́ orúnkún: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ta. Èémí gbọ́dọ̀ tó 16 ní ìṣẹ́jú kan, ìtọ̀ gbọ́dọ̀ tó mílílítà 100 láàárín wákàtí 4 tó kọjá. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí kò bá pé, ẹ dúró. Kí calcium gluconate gíráàmù 1 wà nítòsí fún ẹni tí èémí rẹ̀ bá ń dín kù. Ẹ kọ aago àti ìwọ̀n tí ẹ gún sí kádì rẹ̀, kí ibi tó ń lọ má baà gún un lẹ́ẹ̀mejì.

Bí gìrì bá mú un lójú ọ̀nà, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ kó ohun líle kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àgbo kankan, omi àlùbọ́sà, ìtọ̀ màlúù, kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò wọ̀. Okadà kò lè gbé e.

Nípa ọmọ: ẹ béèrè bó bá ṣì ń ta bó ṣe máa ń ta. Bí ó bá ti dín kù, ẹ má dúró dọ̀la. Wọ́n á fi téèpù wọn ikùn, ní ọ̀sẹ̀ 31 ó yẹ kó wà nítòsí sẹ̀ǹtímítà 31. Bí ó bá fi ohun tó ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ dín, ọmọ lè má dàgbà bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá rí i pé ó lè bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 34, dexamethasone mílígíráàmù 6 ní wákàtí méjìlá-méjìlá, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó. Nàìjíríà wà nínú ìwádìí tó fi hàn ní 2020 pé ó ń dín ikú ọmọ tuntun kù. Kẹ́míìsì kò gbọ́dọ̀ gún un. Ìwádìí kan ní 2015 tó pín abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ní ibi tí ọjọ́ oyún kò dájú, tí ìtọ́jú ọmọ kò sì péye, rí i pé ikú ọmọ pọ̀ sí i. Ẹ mú síkáàn àkọ́kọ́ rẹ̀ dání, òun ló mọ ọjọ́ oyún jù.

Tó bá bímọ tán, ẹ má tú àpò. BP sábà máa ń ga jù ní ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e wálé tí àlejò ìkómọ ti ń dé, gìrì sì lè mú un títí di ọ̀sẹ̀ 6. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ 3, ọjọ́ 7 àti ọ̀sẹ̀ 6. Bí orí bá fọ́ ọ nígbà náà, ilé ìwòsàn ni, ẹ má dúró de omi gbígbóná ìyá ọkọ. Ẹ kọ ọ́ sí kádì rẹ̀ pé ó ní pre-eclampsia, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ aspirin ní ọ̀sẹ̀ 12 oyún tó ń bọ̀.