Àáké tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà igi: ṣé ó bọ́ sọnù ni àbí ẹbọ ni?

Ẹ̀gbọ́n kan ló bèèrè pé kí ló dé táwọn ará Yúróòpù àtijọ́ á fi pákó la ọ̀nà nínú irà tán, kí wọ́n tún wá gbé àáké olówó ńlá sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ṣé bíi ẹbọ oríta tiwa ni.

Ẹ̀gbọ́n, ẹbọ ni mo gbà pé ó jẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn awalẹ̀pìtàn náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Sweet Track ni ọ̀nà yẹn ń jẹ́, ní Somerset nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ray Sweet tó ń bá wọn gé ilẹ̀ dúdú inú irà ló kan pákó ẹ̀ ní 1970, orúkọ ẹ̀ náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n ka òrùka inú igi yẹn, ó já sí pé ìgbà òtútù 3807 sí 3806 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n gé e! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjì, àmọ́ pákó kan péré ni fífẹ̀ ẹ̀, ẹni méjì ò lè rìn pọ̀ lórí ẹ̀. Igi ni wọ́n gún wọlẹ̀ ní méjì méjì tí wọ́n kọ́ra bíi X, wọ́n wá tẹ́ pákó sí ibi tó ti kọ́ra.

Ẹ wá wo àáké yẹn. Òkúta aláwọ̀ ewé tó ń dán ni, láti orí òkè Alps lọ́hùn-ún ló ti wá, wọn ò tíì fi gé nǹkan kan rí, kò sì ní èèkù. Ta ló máa ń gbé irú ẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú irà? Wọ́n rí ìkòkò kan níbẹ̀ náà tó ní èso nínú, ìyẹn lè jẹ́ pé ẹnì kan yọ̀ ni ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ ti àáké yẹn yàtọ̀.

Ní Wittemoor ní Jámánì ńkọ́, ère igi akọ kan abo kan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà igi tiwọn níbi tó ti sọdá odò, nígbà tó yá wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ wọ́n sì fi ilẹ̀ irà bò wọ́n.

Ní tiwa, ibi tó ti jọra gan-an ni ẹdùn àrá. Àáké òkúta àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, ọkọ́ àgbẹ̀ ló ń hú wọn jáde tí wọ́n fi ń gbé wọn lọ fún Ṣàngó, àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù náà máa ń sọ pé àrá ló sọ tiwọn sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní i nílé, ẹ wo ẹnu ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti pọ́n ọn.