Ìbéèrè Yín: Ṣé ara mi ti ń kọ eré ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Eléré ọ̀nà jíjìn ni mí. Láti ìgbà tí mo ti kó wá sí Iten ní Kẹ́ńyà láti máa gbára dì, eré tó rọ̀ mí lọ́rùn tẹ́lẹ̀ ti ń mú mi mí hẹlẹhẹlẹ. Ìdíje mítà 10,000 sì ti ń sún mọ́lé. Ṣé ara mi ti ń kọ eré ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Iten fi nǹkan bíi mítà 2,400 ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, ọ́síjìn tí ò ń mí símú kò tó ti etíkun, ọkàn rẹ á sì máa yára lù kó lè dí àlàfo náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ara máa ń pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara, kún un. Ó máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó hàn dáadáa.

Nítorí náà, bọ́ aago tí o fi ń wo bí o ṣe ń yára tó kúrò lọ́wọ́! Níwọ̀n ìgbà tí o bá lè bá ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sáré sọ̀rọ̀ láìdákẹ́ mí, eré náà dára. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń já lẹ́nu rẹ, dẹsẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo ń bẹ̀rù jù fún ẹ, nígbà tí agbo ńlá àwọn eléré bá jáde fún fartlek, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi ìṣẹ́jú kan sá kíkankíkan, tí wọ́n sì ń fi ìṣẹ́jú kan sinmi. Má tíì bá wọn lọ.

Máa mumi, kí o sì jẹ́ kí dókítà yẹ áyọ́ọ̀nù (iron) inú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, torí láìsí i, ẹ̀jẹ̀ tuntun kò lè pọ̀.