Mo fẹ́ dán awò rédíò tuntun wa (ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run) wò ní Ìkòròdú: kí ni kí n kọ́kọ́ wá?

Ìlà háídírójìn ni, ìyẹn àmì rédíò tí gáàsì háídírójìn máa ń gbé jáde, ní 1420.4 MHz. Gáàsì yìí ló pọ̀ jù lójú ọ̀run, a sì mọ ibi tí ìlà rẹ̀ máa ń wà gan-an. Ewen àti Purcell, onímọ̀ físíìsì méjì, ló kọ́kọ́ rí i ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1951, pẹ̀lú ẹ̀rọ onípákó tí wọ́n yọ ẹnu rẹ̀ síta lójú fèrèsé.

Bí ìlà náà bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù: gáàsì tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa máa ń gbé e sókè ju 1420.4 MHz lọ, èyí tó ń sá lọ a fà á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n kó lè dá yín lójú pé ọ̀run ló ti wá, ẹ dorí awò náà kọ ilẹ̀. Bó bá ṣì hàn, ariwo àyíká ni, kì í ṣe ti ọ̀run.