Èsì: Ṣé dandan ni ìwé kí gbèsè tó dúró lábẹ́ òfin Róòmù?

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè bóyá gbèsè lè dúró láyé àwọn ará Róòmù àtijọ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ó lè dúró dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń de ara wọn jù: ẹni tí ó fẹ́ gba ìlérí yóò béèrè pé, “Ṣé o ṣèlérí láti fún mi ní iye báyìí?”, ẹnì kejì yóò sì dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé, “Mo ṣèlérí.” Stipulatio nìyẹn, ìwé tí wọ́n bá kọ lé e lórí, ẹ̀rí ni.

Síbẹ̀, Gaius, amòfin ọ̀rúndún kejì, ṣàlàyé pé àkọsílẹ̀ kan wà tí ó ń dá gbèsè sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn nígbà tí olówó bá kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀ bí ẹni pé òun ti san owó fún onígbèsè. Bí ó bá jẹ́ owó gidi ni ó kà fún un, owó kíkà náà ló dá gbèsè sílẹ̀, kì í ṣe ìwé.

Ìwé tí ó jẹ́ ẹ̀rí yìí kò ṣeé fojú tẹ́ńbẹ́lú ṣá o. Wọ́n á họ ọ̀rọ̀ sórí ìda inú pátákó, wọ́n á pa á dé, wọ́n á fi okùn dì í, àwọn ẹlẹ́rìí á lu òǹtẹ̀, wọ́n á sì kọ ẹ̀dà sí ìta kí a lè kà á láìtú okùn. Nínú irú pátákó bẹ́ẹ̀ kan tí wọ́n hú jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n kọ ní ọjọ́ 8 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 57, Tibullus, ẹrú Venustus tí ó ti gba òmìnira, jẹ́wọ́ pé òun jẹ Gratus, tí òun náà jẹ́ ẹrú Spurius rí, ní gbèsè 105 denarii (owó fàdákà àwọn ará Róòmù), owó ọjà tí wọ́n ti kó fún òun. Ọdún 14 péré lẹ́yìn tí ọmọ ogun Róòmù gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Bìrìtéènì nìyẹn.