Ẹ lọ sí ìdàpọ̀ inú ilé náà

Arábìnrin wa, ẹ béèrè pé kí ni ìdàpọ̀ inú ilé, ìyẹn àwọn èèyàn díẹ̀ tó ń pàdé nílé ẹnìkan láti gbàdúrà àti láti ka Bíbélì, fẹ́ ṣe fún yín nígbà tí ìwàásù ìjọ ńlá tí ẹ ń lọ ti ń gbé yín ró. Ẹ tún ní ẹ̀rù ń bà yín kí wọ́n má lọ máa tú àṣírí yín kiri àdúgbò. Èsì mi ni pé kí ẹ lọ. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ mi, Ìbàdàn là ń gbé. Ìjọ tí à ń lọ tóbi débi pé èèyàn lè máa wá fún ọdún kan kí ẹni tó ń jókòó tì í má mọ orúkọ rẹ̀. Mi ò fi bú wọn o. Kò sí bí pásítọ̀ kan ṣe lè mọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn bíi mẹ́wàá kan wà tí à ń pàdé ní pálọ̀ ìyá kan ládùúgbò wa ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò rí wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá náà ti ń pè mí: “Ṣé kò sí o?” Nínú ìjọ ńlá, bí a ò bá wá fún oṣù kan, àga wa ò ní ṣófo, ẹlòmíràn á ti jókòó síbẹ̀.

Ẹni tó bá ti dúró ti aláìsàn rí ní ọsibítù ìjọba mọ ohun tí mò ń sọ. Ìwọ ni wàá sáré lọ ra oògùn, ìwọ ni wàá gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ìwọ ni wàá sùn lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ torí pé wọ́n lè pe orúkọ aláìsàn rẹ nígbàkigbà lóru. Èmi nìkan ni, àwọn ọmọ ṣì kéré. Ìyá onípálọ̀ yẹn ya ewé kan nínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ rẹ̀, ó fi rúlà fà á sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹni tó máa sùn ní ọsibítù, ẹni tó máa lọ mú àwọn ọmọ níléèwé, ẹni tó máa se oúnjẹ. Ó kọ orúkọ sí i láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì rẹ̀.

Mẹkáníìkì kan wà láàárín wa tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Tó bá kàn án láti ka Bíbélì, á máa fi ìka tọ ìlà náà kó má baà sọnù mọ́ ọn lójú. Òun ló gba alẹ́ Wẹ́sidé àti ti Fúráìdè. Tààràtà láti ṣọ́ọ̀bù ló ń bọ̀, ọ́ìlì á ṣì wà ní èékánná rẹ̀, á ní, “Mọ́mì, ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ sùn.” Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ju ká kíra wa lọ.

Ṣùgbọ́n ti oúnjẹ àti ti oorun kọ́ ló tóbi jù lójú mi. Nígbà tí ọkọ mi padà sílé tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò ṣeé gbé, inú bí i sí Ọlọ́run. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sọ ọ́ jáde níwájú gbogbo wa pé òun ò lè gbàdúrà mọ́. Ẹnìkan ò bá a wí, ẹnìkan ò sì la Bíbélì fi gbá a lẹ́nu. Ìyá náà ní kó máa wá jókòó, àwọn á máa gbà á fún un títí ẹnu rẹ̀ á fi là. Ó pẹ́ gan-an kó tó là. Níbo lẹ ti fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn láàárín èrò ẹgbẹ̀rún, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń dún? Gálátíà orí kẹfà ní ká máa ru ẹrù ara wa. Ẹrù tí mi ò mọ̀ pé ó wà lórí yín, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá yín rù ú?

Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá mi, olórí kíláàsì ni, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré nínú ìjọ. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ owó kíláàsì sí. Tí orúkọ ẹnìkan bá ṣófo níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léraléra, kì í sin ín lówó, ilé rẹ̀ ló ń lọ. Ó máa ń sọ pé ẹni tí kò rí owó kíláàsì san lè má rí oúnjẹ jẹ. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo wá mọ̀ pé bí kíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1742, ìjọ John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, jẹ gbèsè lórí ilé ìjọsìn wọn. Wọ́n ní kí kálukú máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, kí ẹnìkan sì máa gbà á lọ́wọ́ èèyàn bíi méjìlá. Àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé gba owó ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé ìgbé ayé wọn. Wesley sì rí i pé èyí gan-an ni òun ti ń wá.

Nílẹ̀ wa pẹ̀lú, ìgbà ìṣòro ló máa ń bí irú ìdàpọ̀ báyìí. Lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú (influenza) ń pa èèyàn, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà, Joseph Shadare wà lára wọn. Àwọn ló di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, ara gbòǹgbò ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) òní sì ni wọ́n. Ìjọ ńlá tí ẹ ń wò yìí, inú yàrá ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde wá. Ẹgbẹ́ Ògo Olúwa tí Josiah Akíndayọ̀mí dá sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta lọ́dún 1952 ló di ìjọ Redeemed (RCCG). Akẹ́kọ̀ọ́ 15 ló bẹ̀rẹ̀ ìjọ Deeper Life pẹ̀lú olùkọ́ wọn, W. F. Kumuyi, ní ilé rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó lọ́dún 1973.

Ọ̀rọ̀ àṣírí wá ńkọ́? Ẹ̀rù yín kì í ṣe lásán. Ìdàpọ̀ kan wà tí mo lọ ṣáájú èyí, tí ohun tí mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà lé lórí ṣáájú mi dé ọjà. Ó dùn mí, mo sì kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń fetí sí níbikíbi ni bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níjòókòó. Tí wọ́n bá ń fi “ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún lágbájá” ròyìn ilé lágbájá, ẹ má sọ tiyín níbẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá olórí wọn lè gbọ́ ìbéèrè kó má bínú, àti bóyá ìran ló ń rí fún gbogbo èèyàn. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá owó lọ́wọ́ ara wọn, ẹ jìnnà sí i díẹ̀. Mo ti rí i tí gbèsè tú ìdàpọ̀ tí Èṣù ò rí tú.

Ẹ má sọ gbogbo inú yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ lọ fún bí oṣù méjì, ẹ máa gbọ́, ẹ bá wọn to àga, ẹ bá wọn ka ẹsẹ Bíbélì tó bá kàn yín. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fà lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ wo ibi tó máa dé. Tí wọ́n bá ní kí ẹ gbàdúrà tí ẹnu yín ò tíì gbà á, ẹ sọ fún wọn pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.